Òòmù Mẹ́rìnlélógún

Mi ò lè jókòó lọ́jọ́ ìsìn ìdágbére Bàbá mi àgbà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ẹkún ló ń dà mí láàmú. Kì í ṣe ẹkún. Díákónì tó ń ka ìtàn ìgbésí ayé wọn ló sọ gbólóhùn kan tó gbé mi dìde lórí àga. Ó ti yin Bàbá títí: pé olóòótọ́ ni wọ́n, pé kọ́ìlì wíwé ni wọ́n fi tọ́ ọmọ márùn-ún ní Bàrígà, pé agbára káká la fi máa rí ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú tí ọwọ́ wọn ò kàn. Lẹ́yìn náà ni díákónì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èèyàn ẹlẹ́ran ara náà ṣáà ni Bàbá. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ iná tó jó nílé ìtẹ̀wé yẹn. Ẹ̀rù ba Bàbá. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi panu mọ́ kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́wọ́!" Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Àmín kí ni? Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Àǹtí mi fà mí láṣọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Tí mi ò bá sọ ọ́, bí wọ́n á ṣe máa rántí Bàbá nìyẹn: ọkùnrin rere tí ẹ̀rù bà fún ọjọ́ méjì. Ohun tó mú mi gbé bírò nìyẹn. Màá kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò lè mọ ohun tí gbólóhùn yẹn bà jẹ́. Ká má parọ́, mo tún ń fi sún ọ̀rọ̀ tèmi síwájú díẹ̀ ni.

Bàbá Oníkọ́ìlì ni Ṣómólú ń pè wọ́n. Tí kọ́ìlì inú ẹ̀rọ bá jó, àwọn ni wọ́n máa tú u, tí wọ́n á sì fi wáyà tuntun wé òmíràn síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé ìwé ni o, áyọ́ọ̀nù ni o, ẹ̀rọ laminéṣọ̀n tó ń fi ọ̀rá gbígbóná bo kádì àti sátífíkéètì ni o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Abúlé Òkúta nilé wa, Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn ín lọ rìn ín bọ̀ lójoojúmọ́. Tá a bá ní kí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní kẹ̀kẹ́ ti ń dúró jù.

Jíjókòó ò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Orí fíríìjì ni wọ́n máa ń gbé abọ́ lé, wọ́n á dúró tì í jẹun, wọ́n á jẹ òkèlè méjì, wọ́n á lọ wo nǹkan níta, wọ́n á padà wá jẹ ẹ̀kẹta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ẹni tó ń fi àyè jókòó han èèyàn ni wọ́n gbà, kí àwọn fúnra wọn má bàa jókòó. Mítà kékeré kan wà nínú àpò àyà wọn tí wọ́n fi ń wọn iná. Ilé yòówù kí wọ́n wọ̀, kí ìkíni tó parí, wọ́n ti ń wá súkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tá a lọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkòròdú, alága ìdúró ṣì ń kí àna lọ́wọ́ nígbà tá ò rí Bàbá mọ́. Ẹ̀yìn àga la ti bá wọn, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń ti ẹnu mítà bọ súkẹ́ẹ̀tì àna wa. Bàbá ọkọ ìyàwó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá nǹkan wọn kan ló sọ nù. Bàbá ní, "Rárá o, àna mi. Igba fóòtì ó dín mẹ́sàn-án lẹ ní, mo ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ò dárí ji wọ́n títí tó fi bímọ. Màmá àgbà fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára láti Ìkòròdú dé ilé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi dáhùn: "Igba ó lé ogójì ni wọ́n kọ sára fíríìjì yẹn. Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan, ẹ wọ̀n ọ́n."

Wọ́n fi ìwọ̀n yẹn dá mi lóró dáadáa. Mo wà nílé ìwé girama nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí sídìí ẹ̀rọ laminéṣọ̀n kan tí wọ́n gbé wá ṣe. Wọ́n wọn iná tó ń wọlé: fóòtì 240. Wọ́n fi mítà há wáyà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: áńpù méjì ààbọ̀.

"Fóòtì ni bí èrò ṣe ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà," wọ́n ní. "Áńpù ni iye èrò tó ń ráyè wọlé. Òòmù ni bí ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe há tó. Tó o bá ti mọ títì, tó o mọ iye tó wọlé, kò sí pé ò ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bó ṣe há tó. Fi áńpù pín fóòtì."

Mo pín in. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Òòmù mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Iṣẹ́ tí iná ń ṣe nínú ẹ̀ ńkọ́? Má pín ìyẹn. Fi áńpù sọ fóòtì di púpọ̀."

Ẹgbẹ̀ta ni mo bá pàdé. Wọ́n ní wáàtì ẹgbẹ̀ta ni, ooru tó ń jáde nínú ẹ̀rọ náà nìyẹn. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ sá lọ ṣeré. Wọ́n ní kí n dúró ná. "Tí iná bá wálẹ̀ di ọgọ́fà fóòtì ńkọ́, wáàtì mélòó la máa rí?"

"Ọ̀ọ́dúnrún," mo ní. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Ìdajì iná, ìdajì ooru.

Wọ́n kàn da bírò padà sí mi lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ò kúkú yí padà, òòmù mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún náà ló ṣì jẹ́. Mo fi pín ọgọ́fà, ó fún mi ní áńpù kan àti ìdámẹ́rin. Mo fi ìyẹn sọ ọgọ́fà di púpọ̀. Àádọ́jọ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, àádọ́jọ náà ni. Inú bí mi. Báwo ni iná á ṣe dín ìdajì kí ooru wá dín ju ìdajì lọ? Mo ní bírò yẹn ò dáa, mo jù ú sínú ẹrùpẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n nù ún lára ṣòkòtò wọn. "Títì dín sí ìdajì, àwọn tó wọlé náà dín sí ìdajì," wọ́n ní. "Ìdajì ìdajì ló kàn ẹ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ fi ìṣirò yẹn sọ́kàn. Òun ló jó ilé ìtẹ̀wé.

Ìjà wọn ò lóǹkà. Nílé wa, ẹni tí wọ́n bá jà jù ni Ìyá Ṣeun, ará Ìlàjẹ, tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja etí ọ̀sà Bàrígà, tó sì ń kó o sí firísà méjì nínú yàrá ìdáná. Fíúsì ilé wa ń já lójoojúmọ́ nítorí firísà yẹn. Ìyá Ṣeun bá yọ fíúsì, ó fi wáyà nínípọn dí ojú ẹ̀. Bàbá yọ wáyà. Ó dà á padà. Bàbá tún yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láràárọ̀, níṣojú gbogbo ilé.

"Bàbá, ẹja mi ń jẹrà o! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Kí ẹja jẹrà, Ìyá Ṣeun. Èmi ni mi ò fẹ́ di ẹja yíyan."

Nígbà tó yá ni Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ áńpù firísà kìíní sára ilẹ̀kùn ìdáná, wọ́n kọ ti ìkejì, wọ́n kọ ti áyọ́ọ̀nù àti ti fáànù, wọ́n ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n wá kọ iye tí wáyà ilé lè gbà sábẹ́ ẹ̀. Ìyá Ṣeun tẹjú mọ́ ọn. Kò sọ pé òun gbà. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnì kan bá fẹ́ lọ aṣọ nígbà tí firísà méjèèjì ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń pariwo látinú yàrá pé, "Rárá o, áńpù wa ti kún!"

Èmi náà bá wọn jà. Ohun tí wọn ò lè fara dà ni "bíi". Tí mo bá ní, "Bàbá, bíi mẹ́wàá ni," wọ́n á dijú bí ìgbà tí eyín ń dùn wọ́n. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ti kọ "Oníkọ́ìlì àti Ọmọ" sí pátákó ṣọ́ọ̀bù nítorí mi, síbẹ̀ wọ́n á lé mi padà lọ wọn nǹkan tí mo ti wọ̀n. "Bíi mẹ́wàá kì í ṣe mẹ́wàá," wọ́n á ní. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ ohun tí kò jẹ́ òótọ́ rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan.

Ó dáa. Mo ti sún un síwájú tó.

Iná wa rọ nígbà kan. Tiransifọ́mà àdúgbò ti gbó, ọgọ́fà fóòtì la sì ń rí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹ̀rọ laminéṣọ̀n tó wà ní Ṣómólú ò gbóná mọ́. Ọ̀rá ń jáde ní funfun, ó ń wú, kádì ń ṣí. Àwọn onítẹ̀wé ya bo ṣọ́ọ̀bù wa pé kí Bàbá bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i. Bàbá kọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, wọ́n gbà. Wọ́n yọ kọ́ìlì tó jẹ́ òòmù mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n fi wáyà tó nípọn wé èyí tó kúrú, òòmù mẹ́rìnlélógún. Pẹ̀lú ọgọ́fà fóòtì, áńpù márùn-ún ń wọlé, wáàtì ẹgbẹ̀ta ń jáde. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo Ṣómólú ń kí wọn ní ọ̀gá.

Àmọ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe. Tí iná bá fi lè padà bọ̀ sí 240, áńpù mẹ́wàá á wọ inú kọ́ìlì kúkúrú yẹn, wáàtì á di 2,400. Ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n sọ fún oníkálukú pé, "Ọjọ́ tí iná bá dáa, ẹ yọ ọ́ lára iná, kẹ́ ẹ pè mí." Wọn ò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé mọ́kànlá sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n gbé tiransifọ́mà tuntun dé. Àwọn èèyàn ń hó níta, wọ́n ń di mọ́ra wọn. Bàbá ti gbé àpò irinṣẹ́. Orúnkún ọ̀tún wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà yẹn, síbẹ̀ èmi ni mò ń sáré tẹ̀ lé wọn. Láti ilé ìtẹ̀wé kan dé ìkejì, a yọ kọ́ìlì kúkúrú, a dá èyí tó gùn padà. A ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sunday, wọ́n ti fa ìlà sórí orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Bàbá jókòó sórí àpótí, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó tán," wọ́n ní.

Kò tán. Ilé ìtẹ̀wé kan wà tó ti gbé ẹ̀rọ méjì wá ṣe nígbà tí iná rọ. Bàbá ṣe méjèèjì, wọ́n wá kọ orúkọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tá a lọ, ẹyọ kan ló wà lórí tábìlì. Èkejì wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n fi ọ̀rá bò ó.

Sàkíràtù ló ń ṣiṣẹ́ laminéṣọ̀n níbẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹgbẹ́ mi. A jọ máa ń jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ Ajé, oníbàárà pọ̀, ó bá gbé ẹ̀rọ kejì jáde, ó tì í bọ iná kó máa gbóná lọ, ó sì lọ kírun Àsárì lẹ́yìn ilé. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, torí ẹ̀rọ yẹn kì í tètè gbóná. Kó tó kírun tán, ó ti gbiná. Àwọn ará àdúgbò fi iyẹ̀pẹ̀ àti omi pa á. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ ìwé jó, sátífíkéètì àwọn oníbàárà jó, èyí tí èèyàn ò ní rí irú ẹ̀ gbà mọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àìbìkítà ni, ó lé Sàkíràtù lójú ẹsẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù níṣojú gbogbo èrò, ó ní kó wá kó ọmọ rẹ̀, ó ti dáná sun ayé àwọn èèyàn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Sàkíràtù wọkọ̀ lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá náà gbé ẹ̀rọ tó jó wá fún Bàbá bóyá nǹkan kan ṣẹ́ kù tó ṣe é lò, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Bàbá tú u. Mo rí ojú wọn. Wọ́n yọ kọ́ìlì, wọ́n fi mítà sí i: òòmù mẹ́rìnlélógún. Wọn ò ní kí n ṣe ìṣirò, mi ò sì nílò bírò.

"Ọmọ yẹn ò ṣẹ nǹkan kan," wọ́n ní. "Kó lọ kírun o, kó dúró tì í o, ó máa jó. Èmi ni mo kọ orúkọ kan fún ẹ̀rọ méjì. Bàtà mi dà?"

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́ ná. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀rọ wá fún wa mọ́. Òṣìṣẹ́ lásán ni Sàkíràtù, á rí iṣẹ́ síbòmíràn." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, nípa ẹni tá a jọ ń jẹun. Bàbá wò mí bí ẹni tí mítà rẹ̀ ń pe nọ́ńbà tí kò yé e. Wọ́n lọ fọwọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n tó padà dé, mo ti mú kọ́ìlì lórí tábìlì, mo ti jù ú sínú báàgì mi, mo fi ìborùn bò ó.

"Kọ́ìlì dà?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Wọ́n rò pé ó já bọ́ sínú òkìtì kọ́ìlì àtijọ́ tó kún igun ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n kúkú fi í sílẹ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá lọ lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n á ní àánú ọmọ náà ló ń ṣe mí, pé mo fẹ́ gbé ẹ̀bi ẹ̀ rù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fojú ara wọn rí i." Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì yẹn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń pe nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Mọ́kàndínlógójì. Méjìdínláàádọ́ta. Mẹ́tàdínlógún. Wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á mú òmíràn. Èmi náà dúró tì wọ́n, mò ń bá wọn wá ohun tó wà nínú báàgì mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú lọ bẹ́ẹ̀. Wáyà ti gún gbogbo ìka wọn, ẹ̀jẹ̀ ń ta sára mítà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn nídìí òkìtì náà. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo yọ kọ́ìlì, mo gbé e sórí tábìlì. Wọ́n wá síbẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n wò mí pẹ́. Mò ń retí kí wọ́n gbá mi létí, ká ní wọ́n tiẹ̀ gbá mi, ara á tù mí.

"Wọ bàtà ẹ," wọ́n ní. "Ìsẹ́yìn là ń lọ."

A kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé. Bàbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n wọn kọ́ìlì fún un, ó pariwo lé wọn lórí bí ọmọdé, wọ́n dúró gbà á. Lẹ́yìn náà la wọkọ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tá a dé Ìsẹ́yìn. Bàbá Sàkíràtù jókòó lórí ẹní níwájú ilé. Wọ́n gbé àga fún Bàbá, Bàbá ò jókòó. Sàkíràtù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú. Bàbá mú kọ́ìlì jáde, wọ́n mú mítà jáde. Bàbá Sàkíràtù ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀, bàbá, mo gbà yín gbọ́." Bàbá ní rárá, wọ́n ní kí bàbá Sàkíràtù dìde, kí wọ́n fúnra wọn di wáyà mítà mú, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó bá jáde. Àgbàlagbà méjì wà lórí ìdúró níwájú ilé, wọ́n dorí kọ mítà kan. Tí kì í bá ṣe ohun tó gbé wa wá ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yín ò jẹ̀bi," Bàbá ní. "Ẹni tó wé kọ́ìlì yìí ló jẹ̀bi, èmi ni mo sì wé e."

Bàbá Sàkíràtù béèrè, "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀."

"Òní Ọjọ́bọ̀. Kí ló wá dá yín dúró?"

Ẹ̀yìn Bàbá ni mo wà, báàgì yẹn náà ló wà léjìká mi. Mo mọ̀ pé wọn ò lè parọ́. Mò ń dúró de orúkọ mi.

"Ẹ̀rù ló bà mí," Bàbá ní.

Ọ̀rọ̀ tó padà wá sí Ṣómólú nìyẹn, òun náà ni díákónì kà sétígbọ̀ọ́ ìjọ. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo ojú fèrèsé. "Mo ti dàgbà," wọ́n ní. "Ojú tó bá tì mí, kò ní pẹ́, màá kú, ó tán. Ìwọ ṣì máa pẹ́ láàárín àwọn èèyàn yìí." Wọ́n ṣi ìṣirò yẹn ṣe. Wọ́n ti kú, ojú náà ṣì ń tì wọ́n, gbogbo ìjọ sì ń ṣe àmín lé e lórí.

Àwọn oníbàárà sá fún wa lóòótọ́. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sàkíràtù náà padà sí Ṣómólú, àmọ́ kò padà sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Oṣooṣù ni Bàbá ń lọ wọn iná rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ránṣẹ́ pè wọ́n, títí orúnkún fi dá wọn dúró. Ó wá sí ìsìn ìdágbére. Ẹ̀yìn mi gan-an ló jókòó sí, mo sì gbọ́ àmín tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ìsìn náà, mo lọ bá a. Ó ń gé kádì. Mi ò jókòó, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pa ẹ̀rọ.

"Dúró ná. Inú báàgì ẹ?"

"Inú báàgì mi."

"Èyí tó o gbé kọ́ wá sílé wa?"

"Òun náà ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to kádì tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi wà nílé yẹn," ó ní, "tí mo bá kí bàbá mi, wọn kì í dá mi lóhùn. Ì bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ká ní ẹ tètè wá. Bàbá ẹ ni mò ń bínú sí láti gbogbo ọdún yìí wá o. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá wọn iná fún mi, màá rẹ́rìn-ín sí wọn, màá ṣe 'ẹ ṣé, sà,' àmọ́ nínú ọkàn mi, màá ní, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ti kú, mi ò sì tíì gbé e kúrò lọ́kàn."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó di apá mi mú.

"Má wá bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Gbangba ni wọ́n ti sọ ti Bàbá. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì fi orúkọ ẹ sí i. Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́, èmi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yín tí màá pín in."

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀rù kankan ò ba Bàbá Oníkọ́ìlì. Ọjọ́ méjì tí wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n wà lórí ìdúró, wọ́n ń fi ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wá ohun tí wọ́n máa fi dá ọmọ ọlọ́mọ láre. Èmi ni mo gbé e pamọ́. Orúkọ mi ni Fọlákẹ́.